Yíyọ Ìpáàrà àti Ọ̀dà Àtijọ́ Kúrò Lára Irin Mọ́tò

Nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó pọ̀ ní àyíká wa, ṣùgbọ́n tí àlàyé rẹ̀ kò pọ̀ ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà ni yíyọ ìpáàrà àti ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára irin mọ́tò. Ẹni tí ó bá ti Alékùwodò jáde, tí ó gba ibi tí àwọn mẹkáníìkì wà ní Òṣogbo kọjá, tàbí tí ó forí lé ọ̀nà Iléṣà, kò ní ṣàì rí mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù, tí ọmọ iṣẹ́ kan jókòó tì í, tí ó ń fi sánpépà ha á.

Ìdí méjì ni a fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni pé mọ́tò tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ṣeé tún ṣe, bí ẹni tí ń tún un ṣe bá mọ ohun tí ó ń ṣe. Èkejì ni ó ká wa lára jù: àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ti panẹ́bítà, ohun tí wọ́n ń ha tí wọ́n sì ń fà símú níbẹ̀ lè pa wọ́n lára ju bí òbí ti rò lọ. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: kí á mọ irin, kí á sì mọ ọ̀dà tí ó wà lára rẹ̀, kí á tó mú oògùn, kí á sì kọ́kọ́ fi èyí tí ó rọ̀ jù lọ gbìyànjú.

ÀWỌN MỌ́TÒ TÍ À Ń WÍ

Mọ́tò méjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ilé tí a kò ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ni Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo, tí a ń pè ní Ìjàpá. Èkejì ni Peugeot 504. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ní ilẹ̀ Faransé, 1983 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe sàlúùnù 504, ṣùgbọ́n Kàdúná ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi wọ ọ̀rúndún tuntun yìí. Ìjàpá tí ó gbẹ̀yìn ní gbogbo ayé jáde ní orílẹ̀-èdè Mexico ní oṣù keje ọdún 2003. Nítorí náà, ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti màgádì tí ó bá wà lọ́wọ́ ẹni ni ó yẹ kí á tọ́jú, nítorí ojúlówó tuntun ti di ohun tí à ń fi ọjọ́ pípẹ́ wá.

KÍ NI ÌPÁÀRÀ?

Ìpáàrà ni ohun pupa tí ń bo irin nígbà tí a bá ní irin dógùn-ún. Irin kì í dédé wà nínú ilẹ̀ bí a ti ń rí i yìí. Inú òkúta ni ó wà, tí ó so mọ́ ọ́síjìn, èyí tí í ṣe apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Àwọn baba ńlá wa a máa fi iná èédú yọ ọ́síjìn náà kúrò. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa iléru tí àwọn Yorùbá ti ń yọ́ irin ní Ọ̀lá-Ìgbì lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ohun tí iná yà sọ́tọ̀ nínú iléru ni omi àti afẹ́fẹ́ ń dà pọ̀ padà lára mọ́tò wa. Irin ń fẹ́ padà di ohun tí ó ti jẹ́ rí nínú òkúta.

Omi nìkan kò lè dá a ṣe, afẹ́fẹ́ nìkan kò sì lè dá a ṣe. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bí iyọ̀ bá tún dá sí i, yóò yára sí i. Ìdí nìyí tí mọ́tò tí ó bá dàgbà sí etí òkun ní Èkó fi máa ń dógùn-ún kíá ju èyí tí ó dàgbà sí Òṣogbo lọ.

Ìpáàrà ń gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Nítorí náà, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà, ńṣe ni yóò máa ti ọ̀dà náà sókè, tí yóò wú bí ara tí iná jó. Ó sì ní ihò wínníwínní tí ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Ti àlúmíníọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ń bá afẹ́fẹ́ dà pọ̀, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ń dá, awọ náà á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, á sì dáàbò bò ó. Ẹ wo àwọn pátákó àlúmíníọ́mù tí olóògbé Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Òṣogbo (1918–1993), fi òòlù ya àwòrán sí. Ìpáàrà pupa kò lè mú wọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹni tí ó bá lẹ bọ́dìfílà mọ́ orí ìpáàrà, tí ó sì fín ọ̀dà tuntun lé e, ó ti sé kòkòrò mọ́ inú ẹ̀fọ́. Mọ́tò náà yóò dán lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, ṣùgbọ́n kí òjò ọdún kejì tó dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ yóò tún wú.

KÍ Á MỌ IRIN KÍ Á TÓ MÚ OÒGÙN

Òòfà ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ẹ lè yọ ọ̀kan lára sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́. Ohun tí òòfà bá lẹ̀ mọ́, irin ni. Ohun tí kò bá lẹ̀ mọ́ lè jẹ́ àlúmíníọ́mù, idẹ, tàbí irú mẹ́táàlì fúyẹ́fúyẹ́ kan tí ń jẹ́ magnesium. Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì 504 jẹ́ irin, ṣùgbọ́n àlúmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ní ti Ìjàpá, magnesium ni wọ́n fi ṣe ìkarahun ẹ́ńjìnnì àti ti gíà rẹ̀. Èérún magnesium lè gba iná, bí ó bá sì gba iná, omi kò lè pa á. Ńṣe ni omi yóò tún mú un bínú sí i. Nítorí náà, ohun tí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe kó o sínú ásíìdì tàbí sódà kọ́sítíìkì, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tí ń yọ iná lé e. Omi ọṣẹ, kẹrosínì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó o.

Òòfà tún wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́. Kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé òòfà náà, kí ó sì máa fi kan ara mọ́tò káàkiri. Ibi tí òòfà bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀, bọ́dìfílà tí ó nípọn ni ó wà níbẹ̀, ìpáàrà sì lè wà lábẹ́ rẹ̀. Lára Ìjàpá, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè kí ẹ wo ilẹ̀ tí bátìrì jókòó lé. Omi bátìrì tí ó bá ń kán síbẹ̀ ni í sáábà jẹ irin ibẹ̀ lu.

BÍ A TI Ń YỌ Ọ̀DÀ ÀTIJỌ́

Ẹ kọ́kọ́ fi kẹrosínì yọ gírísì, kí ẹ wá fi omi ọṣẹ fọ irin náà. Ẹ má ṣe lo pẹtiróòlù. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a máa rìn nílẹ̀ títí yóò fi bá iná pàdé níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó rọ̀ jù ni fífi sánpépà tí a rì sínú omi ha á. Omi yóò mú eruku mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti ń ṣí, ẹ fi ọ̀bẹ kúkurú tí kò mú jù gbé e.

Bí ọ̀dà bá le, àwọn ẹlòmíràn a máa lo sódà kọ́sítíìkì. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi omi eérú se àdín tàbí epo di ọṣẹ dúdú, omi eérú ni ó ń sọ epo di ọṣẹ. Epo wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú, sódà yóò sì sọ ọ́ di ohun tí omi lè fọ̀ lọ. Ìwọ̀n sódà 50 gíráàmù sí omi lítà 1 tó fún irin kékeré tí a bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Inú ike ni kí ẹ ti lò ó, kì í ṣe inú ìkòkò àlúmíníọ́mù. Sódà ni à ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi sórí sódà, nítorí yóò hó, yóò sì ta síni lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ sì wọ awò ojú. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi tí ó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ sì máa gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè yìí ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ó gbé sódà kọ́sítíìkì mì, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn jóná tí ó sì fún pọ̀, tí wọn kò lè gbé òkèlè mì mọ́. Púpọ̀ nínú ewu yìí ń ti inú ìgò wá. Ẹ má ṣe rọ sódà, ásíìdì tàbí kẹrosínì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi. Bí ọmọ bá sì gbé e mì, ẹ má ṣe mú kí ó bì, nítorí ohun tí ó jó o nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Oògùn kan tún wà nínú agolo tí ń bó ọ̀dà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka ara agolo náà. Bí ẹ bá rí methylene chloride tàbí dichloromethane níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un. Èéfín rẹ̀ ti pa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lò ó nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ní 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún ará ilé tí ó fẹ́ fi bó ọ̀dà.

Èyí tí a kò fẹ́ rí rárá ni sísun irin nínú iná tàyà. Páànù fẹ́lẹ́ yóò lọ́, sípíríìnì yóò dẹ̀, èéfín májèlé yóò sì gba àdúgbò kan.

BÍ A TI Ń YỌ ÌPÁÀRÀ

Bí ìpáàrà bá fúyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sánpépà tó o. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: bí ẹ bá so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí, ẹ wọ awò ojú, nítorí okùn irin ara rẹ̀ a máa já fò.

Fún irin kékeré, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ń ṣiṣẹ́. Ẹ rì í sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án dáadáa. Ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nítorí bí ìpáàrà bá tán, irin gan-an ni kíkan náà yóò kọjú sí.

Ọ̀nà tí a gbóríyìn fún jù ni ti iná mànàmáná, nítorí kì í jẹ irin tí ó dára. Ẹ wá báfù oníke, ẹ da omi sí i. Ní gbogbo lítà 4, ẹ fi ṣíbí ìjẹun 1 sódà ìfọṣọ sí i. Èyí kì í ṣe sódà kọ́sítíìkì o. Ẹ rì irin tí ó dógùn-ún sínú rẹ̀, ẹ sì rì àlòkù irin lásán kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí àwọn méjèèjì má ṣe kan ara wọn. Ẹ lo ẹ̀rọ tí a fi ń ṣájì bátìrì mọ́tò: wáyà tí ó ní àmì ìyọkúrò (−) ni kí ẹ so mọ́ irin tí ẹ fẹ́ tún ṣe, kí ẹ so èyí tí ó ní àmì ìrópọ̀ (+) mọ́ àlòkù irin. Bí ẹ bá ṣì í so, irin rere ni yóò jẹ. Ìfófòó yóò máa jáde lára rẹ̀, ìpáàrà yóò sì di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì lè gbá kúrò lọ́jọ́ kejì.

Òfin mẹ́rin ni ó de iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣe é ní gbangba, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde nínú ìfófòó náà ń gba iná. Ẹ pa ṣájà kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Ẹ má ṣe fi irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, ṣe àlòkù náà, nítorí yóò tú májèlé sínú omi. Ẹ má sì fi iyọ̀ dípò sódà, nítorí èéfín tí yóò máa jáde kò dára fún àyà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ọ̀nà kan tún wà tí ó jẹ́ ìbátan tàdáwà yín. Ní ilẹ̀ Hausa àti Borno, àwọn kan a máa fi èso igi bàgàrúwà àti irin ṣe tàdáwà. Ohun kíkorò tí ó wà nínú èso náà, tí wọ́n tún fi ń ṣe awọ ẹran, ni ó ń bá irin dà pọ̀ tí ó fi ń dúdú tí kì í tètè parẹ́. Bí a bá fi irú ohun kíkorò yìí kun ìpáàrà fẹ́lẹ́ tí ó kù sí kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé, yóò sọ ọ́ di dúdú tí ó dì mọ́ irin, tí a sì lè kun ọ̀dà lé lórí. Òun ni ó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń sọ ìpáàrà di dúdú.

Ohun méjì ni kí ẹ sá fún. Èkínní ni omi bátìrì. Ásíìdì gbígbóná ni, ó ń jẹ irin rere pọ̀ mọ́ ìpáàrà. Ó sì ń mú kí irin líle, bíi sípíríìnì àti bóòtù alágbára, di ohun tí ń kán láìròtẹ́lẹ̀, bóyá lórí eré. Èkejì ni fífi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn lu irin. Eruku yanrìn ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di yíyi, kò sì ní oògùn. Nítorí ìyẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin ní 1949 tí ó ka yanrìn irú èyí léèwọ̀ fún iṣẹ́ náà ní ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ tún rántí pé lára àwọn mọ́tò àtijọ́, bíréèkì a máa ní asbestos nínú. Ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku rẹ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

ÒJÉ TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ọ̀DÀ

Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà mọ́tò àtijọ́, pàápàá nínú ọ̀dà pupa ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń dènà ìpáàrà, àti nínú àwọ̀ ìyeyè. A kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó ní in, nítorí náà kí á ka gbogbo ọ̀dà àtijọ́ sí olójé. Bí ọ̀dà bá wà lára irin, kò ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Bí a bá ha á di eruku ni ó di ewu. Ó ń gba imú àti ẹnu wọlé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ náà ń ṣàìsàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ nínú agbolé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ó kéré tán, ọmọ 400 ni ó kú. Eruku ọ̀dà mọ́tò kan kò tó èyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọ ara ọmọ: láti ilẹ̀ sí ọwọ́, láti ọwọ́ sí ẹnu.

Nítorí náà, kí wọ́n fi omi ha ọ̀dà, kí wọ́n má ṣe ha á ní gbígbẹ. Kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí wọ́n sì kó ohun tí ó bá jábọ́ dànù sí ibi tí ọmọ àti adìẹ kò ti lè dé. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi ọwọ̀ gbá a. Kí ọmọ iṣẹ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú kí ó tó jẹun, kí ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kí ó tó lọ gbé àbúrò rẹ̀ nílé.

LẸ́YÌN TÍ IRIN BÁ MỌ́

Ìhòòhò ni irin tí ó mọ́ wà. Ní àsìkò òjò, ó lè pọ́n padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kí ẹ ṣàn án, kí ẹ nù ún, kí ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dé kọ̀rọ̀, kí ẹ sì kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ lé e ní ọjọ́ náà gan-an. Àsìkò ọyẹ́ dára fún iṣẹ́ yìí, bí eruku kò bá pọ̀ jù. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ nìkan sílẹ̀ di òjò ọdún tí ń bọ̀, nítorí omi ń gba ara rẹ̀ wọlé. Ọ̀dà òkè ni ó ń dí i. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú: àwọn ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí wọn, ẹ ṣí wọn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́, ẹ lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ wò. Ẹ bi í bóyá ó ní awò ojú tí ó bá ojú ọmọ yín mu, bóyá omi ni wọ́n fi ń ha ọ̀dà, ibi tí ó ń tọ́jú ásíìdì àti sódà sí, àti ibi tí ọmọ ti ń fọwọ́ kí ó tó jẹun. Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Bí kò bá sì ní awò ojú, ẹ ra ọ̀kan fún ọmọ yín kí ó tó padà lọ síbẹ̀ lọ́la.